Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn gáàsì tó wà nínú òkúta? Ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ_Ìdànrè · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Texas ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́. Mo bi í pé iṣẹ́ kí ni, ó ní òun ń wọn gáàsì tó ń jáde lára òkúta. Òkúta wo? Ó ní shale ni, àpáta dúdú tó máa ń ṣí ní awẹ́awẹ́ bí ojú ewé ìwé. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Abẹ́ òkè Ìdànrè ni wọ́n bí èmi sí, orí àpáta la ti ń sá ẹ̀gẹ́, n kò gbọ́ ọ kí ó mí rí.

Ó wá fi fídíò ránṣẹ́. Agolo irin kan wà nínú omi gbígbóná, róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ibẹ̀ lọ sínú ìgò gígùn kan tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, omi inú ìgò náà sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ara ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ gáàsì fi ń mọ ibi tó yẹ kí wọ́n náwó sí nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Alágbẹ̀dẹ_Ayélujára · 8:21 alẹ́

Òkúta tó ń só! Ẹ̀rín á pa mí lónìí.

AgoloGáàsì · 9:47 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìdànrè, ọmọ yín kò purọ́. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọdún 11, lórí ríìgì àti nínú láàbù, kí n tó di ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì ní Houston.

Òkúta Ìdànrè tiyín, òkúta yíyọ́ tó dì lábẹ́ ilẹ̀ ni, ẹ má wá gáàsì lọ síbẹ̀. Shale, ẹrẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, tí òkú ewéko àti ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ rì sí, tí ilẹ̀ mìíràn gorí ẹ̀, tí ooru sì sè é fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Àwọn òkú yẹn ló di epo àti gáàsì. Ihò inú àpáta náà kéré débi pé púpọ̀ nínú gáàsì ọ̀hún kò rọ́nà jáde. Ibi méjì ló wà: apá kan wà nínú ihò wẹ́wẹ́ yẹn láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan, apá kejì lẹ̀ mọ́ ara ohun dúdú tó ṣẹ́kù lára àwọn òkú ewéko, bí èéfín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná.

Ẹ wo ìgò mínírà. Nígbà tó wà ní dídé, ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ ṣí i, ó hó. Àpáta tó wà ní 7,000 fíìtì lábẹ́ ilẹ̀, ẹrù tó wà lórí ẹ̀ ni ìdérí tirẹ̀. A ó fi irin oníhò gé e ní ọ̀pá gbọọrọ, tí àwa ń pè ní core, tó nípọn bí iṣu, tó sì lè gùn tó 30 fíìtì. Bí a ṣe ń fà á bọ̀ lókè ni ìdérí ń ṣí. Nígbà tó bá fi máa dé ọwọ́ wa, á ti máa yọ ìfófòó wẹ́wẹ́ lára. Bí ẹ bá gbé etí sún mọ́ ọn ní òru tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún ṣìn-ìn, bí epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná.

Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀. A nu ẹrẹ̀ kúrò, a gé bíi fíìtì kan nínú rẹ̀, a tì í sínú agolo, a de bóòtù, a kọ aago sílẹ̀. A gbé agolo sínú omi tó gbóná bí ìsàlẹ̀ kànga ṣe gbóná. Fún Barnett, àpáta shale tó wà ní àríwá Texas, ó máa ń tó 80 sí 90 lórí ìwọ̀n Celsius. A ó wá máa ṣí ẹnu agolo láti ìgbà dé ìgbà: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀rẹ̀, kó tó di wákàtí-wákàtí, kó tó di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ nǹkan kan mọ́. Omi tí ẹ rí tó ń wálẹ̀ nínú ìgò, gáàsì ló ń lé e. A máa ń kọ bí yàrá ṣe gbóná tó àti bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe wúwo tó, torí gáàsì a máa wú, a sì máa súnkì. Ojú ọjọ́ lè yí padà kí ẹ rò pé òkúta ló mí.

Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ pátápátá, a ó fọ́ ọ lúbúlúbú nínú ọlọ irin tí a dì pa, kí èyí tó fara pamọ́ sínú lè jáde.

Ẹ óò rí i pé apá mẹ́ta ni: èyí tó ti sá lọ kí agolo tó dé, èyí tí ìgò wọ̀n, àti èyí tí ọlọ tú jáde. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ fi ìwúwo òkúta pín in, ó parí.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 10:05 alẹ́

Kò parí o, àbúrò mi. Èyí tó sá lọ kí agolo tó dé, ta ló kà á? Ó dà bí ẹni tó ń ka ewúrẹ́ lẹ́yìn tí ẹnu ọgbà ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀. Èyí tó kù lẹ lè kà.

AgoloGáàsì · 10:40 alẹ́

Àǹtí, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò. Nọ́ńbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n rí. Ìṣirò la fi ń dé ibẹ̀, àti pé nínú àwọn òkúta mìíràn òun ló pọ̀ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀nà náà ti pẹ́. Àwọn ará Faransé ló kọ́kọ́ gbé e jáde lórí èédú ní 1970. Ní 1973 àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwakùsà tún un ṣe. Ẹni tó ń wá gáàsì tà kọ́ ni wọ́n. Gáàsì ló ń bú gbàmù pa àwọn tó ń wa èédú, wọ́n sì fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ tí wọn yóò fẹ́ sínú ihò náà ṣe yẹ kó pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí ni pé ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, ìlànà kan wà tí gáàsì ń tẹ̀ lé: bí ìṣẹ́jú 1 bá mú ìwọ̀n ẹyọ kan jáde, ìṣẹ́jú 4 ni yóò mú méjì jáde, ìṣẹ́jú 9 ni yóò mú mẹ́ta. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le, ó sì ń rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo ṣe fúnra mi hàn yín. Ká ní òkúta kan wọn kílò 2. Nínú kànga tí ẹrẹ̀ kún, a máa ń gbà pé ìgbà tí ọ̀pá bá dé ìdajì ọ̀nà ni gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ká ní láti ìdajì ọ̀nà yẹn títí a fi de agolo jẹ́ ìṣẹ́jú 64. Nínú agolo, ní ìṣẹ́jú 17 a ka 150 cc. Ní ìṣẹ́jú 36 ó di 300. Ní 57 ó di 450. Ní 80 ó di 600. Ẹ wá fi 64 kún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: 81, 100, 121, 144. Ẹ rí i? 9 lọ́nà 9, 10 lọ́nà 10, 11 lọ́nà 11, 12 lọ́nà 12. Ìgbésẹ̀ kan, 150 cc. 64 tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 8 lọ́nà 8, nítorí náà ìgbésẹ̀ 8 ló wà lẹ́yìn wa kí a tó dé òdo. 8 lọ́nà 150 jẹ́ 1,200. Iye ewúrẹ́ yín tó ti jáde nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 10:58 alẹ́

Mo mú bírò, mo ṣe é sẹ́yìn ìwé iná tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́! Tí ẹni tó kọ aago bá ṣi í kọ ńkọ́?

AgoloGáàsì · 11:12 alẹ́

Ohun tó máa ń jí mi lóru nìyẹn, Àǹtí. Ká ní ó kọ 100 dípò 64. Kò sí ohun tó yí padà nínú agolo, àmọ́ ìlà tí a fi àwọn nọ́ńbà yẹn fà sórí ìwé, tí a fi ń padà sẹ́yìn, yóò dagun sí ibòmíràn, èyí tó sá lọ yóò fò láti 1,200 kọjá 1,700 cc. Ìyàtọ̀ yẹn, bí ẹ bá sọ ọ́ di èdè àwọn oníṣòwò, jẹ́ bíi fíìtì kúbíìkì 9 lórí tọ́ọ̀nù òkúta kan. Ó dà bí ohun kékeré. Ẹ wá mú ilẹ̀ tó fẹ̀ ní máìlì kan ní gígùn àti máìlì kan ní ìbú, tí shale ibẹ̀ nípọn tó 100 fíìtì. Tọ́ọ̀nù òkúta ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200. Ìṣẹ́jú 36 tí ẹnì kan ṣì kọ ti dá gáàsì tó súnmọ́ bílíọ̀nù 2 fíìtì kúbíìkì sílẹ̀, lórí ìwé, kò sí nínú ilẹ̀.

Mo ti rí i lójú ara mi. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà kan, tí n kò ní dárúkọ, ọ̀gá tó wà lórí ríìgì lóru ọjọ́ náà ní kí n kọ aago tó wà lórí ètò iṣẹ́, torí àwọn ti pẹ́ nínú fífà ọ̀pá náà sókè, kò sì fẹ́ kí ó hàn. Mo ní rárá, a jọ pariwo. Kí ojú tó mọ́ mo tún rí i pé agolo kan kò tiẹ̀ yọ nǹkan kan rárá nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yọ. Mo po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi pa etí ìdérí: ó ń hó wìì-wìì. Róbà roboto tó ń dí ẹnu rẹ̀ ti sán. Gbogbo ohun tó yẹ kí ìgò kà ti bá ìdérí jáde. A kọ òdo sí iwájú òkúta tó ṣeé ṣe kó dára jù lọ nínú kànga yẹn.

Tísà_Físíìsì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Agolo. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú tíì ní ọwọ́. Ìbéèrè mi le díẹ̀, ẹ má bínú.

Èédú ni wọ́n ṣe ìlànà yẹn fún. Nínú èédú, ọ̀pọ̀ gáàsì ló lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kì í sì í tètè já. Shale yàtọ̀ síra wọn. Nínú ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002, shale Antrim ní Michigan, bíi ìdá 70 nínú 100 gáàsì rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ti Barnett, bíi 20 péré. Ìyẹn ni pé ìdá 80 nínú gáàsì Barnett wà nínú ihò láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Irú èyí kò ní dúró de agolo ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti rí ọ̀nà, ó ti lọ, kò sì ní rìn ní ìgbésẹ̀ 8, 9, 10 yín. Ìlà tí ẹ ń fà sẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ kò fi ń rẹ́ ara yín jẹ ni?

AgoloGáàsì · 7:55 àárọ̀

Tísà, ní láàbù wa kò sí ẹni tó máa bá yín jiyàn lórí èyí. Àwọn kan ń yí ìlà náà sí títẹ̀ dípò gbọọrọ, nọ́ńbà ń yàtọ̀ síra. Àwọn kan ń lo irin tó máa ń ti ẹnu ara rẹ̀ pa nísàlẹ̀ kànga kí ọ̀pá tó gbéra, kí ohunkóhun má baà sá. Ó dára púpọ̀, ó wọ́n púpọ̀, a sì máa kọ̀ láti ti nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀nà kejì ni kí a má tilẹ̀ gbára lé agolo fún gáàsì inú ihò. A ó wọn bí ihò inú òkúta ṣe tó, a ó yọ àyè tí omi gbà kúrò, a ó ṣírò iye gáàsì tó lè wọ ibẹ̀ lábẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ kànga. Fún èyí tó lẹ̀ mọ́ ara, a ó mú òkúta gbígbẹ tí a ti lọ̀, a ó fi gáàsì mẹ́táànì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí a wo bí yóò ṣe gbà á mọ́ra tó. A ó pa méjèèjì pọ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ro wọ́n pọ̀ báyẹn láìronú pé gáàsì tó lẹ̀ mọ́ ògiri ihò náà ti gba àyè nínú ihò yẹn kan náà. Wọ́n ń ta yàrá kan fún ayálégbé méjì.

Torí náà a máa ń ṣe méjèèjì, a ó fi ẹnu ọ̀kan wé èkejì. Bí agolo bá sọ 100 tí ìṣirò ihò sọ 300, n kì í sọ pé ọ̀kan ń purọ́, mo máa ń lọ wo ìwé aago àkọ́kọ́ ná.

Ọmọ_Ìdànrè · 8:20 àárọ̀

Ó ti ń yé mi o. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti wá gan-an lẹ ò tíì dé. Báwo ni ìgò omi yìí ṣe ń sọ fún olówó pé gbẹ́ ibí, má gbẹ́ ọ̀hún?

AgoloGáàsì · 9:02 àárọ̀

Ẹ wo Barnett náà. Ilé-iṣẹ́ Mitchell Energy gbẹ́ kànga àkọ́kọ́ wọn sínú rẹ̀ ní 1981, ní agbègbè Wise. Fún ọdún gbọọrọ, owó ń wọlé díẹ̀, àwọn èèyàn ń fi George Mitchell, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 wọ́n tún ọ̀rọ̀ gáàsì inú òkúta yẹn yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ fíìfíì ju ohun tí wọ́n ti ń kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé díẹ̀ báyìí ni àwọn kànga wọn ń gbé jáde. Ẹni tó bá mọ èyí yóò padà sí orí kànga àtijọ́ kó tún fọ́ àpáta ibẹ̀ kí gáàsì lè rọ́nà jáde, yóò sì gbójú lé apá òkè àpáta náà tí kò kà sí tẹ́lẹ̀. Láàrin ìgbà yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ohun mìíràn nínú fọ́ àpáta, ní 1998. Ní 2002 ilé-iṣẹ́ Devon ra Mitchell Energy.

Nọ́ńbà tí àwọn èèyàn ń wò: Barnett, 300 sí 350 fíìtì kúbíìkì lórí tọ́ọ̀nù kan. Antrim, 40 sí 100. Lewis ní New Mexico, 15 sí 45. Àmọ́ ẹ má rò pé ẹni tó ní 300 ló máa là dandan. Antrim ta gáàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí kò jìn, ìlà ìfọ́ sì wà lára rẹ̀ láti ilẹ̀ wá.

Alágbẹ̀dẹ_Ayélujára · 9:30 àárọ̀

Mo ti fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Póláńdì ńkọ́? Ní 2011, EIA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ epo, gáàsì àti iná, ní gáàsì shale tí wọ́n lè gbé jáde níbẹ̀ jẹ́ tírílíọ̀nù 187 fíìtì kúbíìkì. Inú gbogbo ìlú dùn, wọ́n ní àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Ọdún kan péré, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Póláńdì fúnra wọn ní ó ṣeé ṣe jù kó wà láàrin bílíọ̀nù 346 sí 768 mítà kúbíìkì. Ẹ sọ ọ́ di fíìtì, bíi tírílíọ̀nù 12 sí 27 ni. ExxonMobil kó ẹrù ní 2012, Chevron ní 2015. Nígbà tí ẹ ń wọn nǹkan báyìí, báwo ni 187 ṣe di 27?

AgoloGáàsì · 10:11 àárọ̀

Àbúrò, torí pé wọn kò tíì wọ̀n ọ́n ni! Orí tábìlì ni ìṣirò méjèèjì ti jáde, nínú máàpù àti ìwé kànga àtijọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kànga tuntun tó dé, ohun tó sì jáde níbẹ̀ kò tó san owó tí wọ́n ná.

Akin_Jóbọ̀ · 12:48 ọ̀sán

Ó ṣẹlẹ̀ níbi tí mo wà yìí náà. Akáúńtáǹtì ni mí ní Johannesburg, n kì í ṣe onímọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gáàsì shale ti Karoo, agbègbè ńlá kan níbí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní orílẹ̀-èdè South Africa fún ọdún púpọ̀. EIA ní tírílíọ̀nù 485 ní 2011, wọ́n dín in sí 390 ní 2013. Àwọn àgbẹ̀ ń bẹ̀rù fún omi kànga wọn, àwọn olóṣèlú ti ń ná owó tí kò tíì wọlé. Àwọn onímọ̀ yunifásítì wá gbẹ́ ihò jíjìn méjì ní 2015 sí 2016, wọ́n yọ ọ̀pá àpáta gidi jáde. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde jáde ní 2017, tírílíọ̀nù 13 ni wọ́n sọ. Láti 390 sí 13! Bọ̀dá Agolo, ibo ni ìyókù lọ?

AgoloGáàsì · 1:20 ọ̀sán

Ìyókù ti lọ tipẹ́tipẹ́, kí ẹ̀dá èèyàn tó dé ayé. Ní bíi mílíọ̀nù 180 ọdún sẹ́yìn, òkúta yíyọ́ ya wọ inú Karoo lọ́tùn-ún lósì. Shale nílò ooru, ó nílò rẹ̀ níwọ̀n. Ẹ̀wà tí ẹ sè dáadáa yóò rọ̀. Èyí tí ẹ gbàgbé sórí iná, eérú lẹ óò bá. Ibi púpọ̀ ní Karoo ti jóná. Èyí tí kò jóná, ilẹ̀ tó ká níhà gúúsù ti fọ́ ọ, gáàsì sì ti gba ibẹ̀ sá. Lórí máàpù, àpáta náà ṣì dúdú, ó ṣì nípọn, ó ṣì rí bí ọlọ́rọ̀.

Ọlọ́dà_Òkìtìpupa · 3:05 ọ̀sán

Tiwa ńkọ́? Ọ̀dà ń jáde fúnra rẹ̀ ní Agbabu, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Shale wà lábẹ́ wa níbí títí dé Benin Republic. Ta ló máa gbé agolo wá?

AgoloGáàsì · 4:33 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó korò. Shale Àràrọ̀mí tó wà lágbègbè yín, ohun dúdú wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde sọ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì jiná tó láti yọ gáàsì. Karoo jóná, tiyín kò jiná. Ìhà Anambra àti Benue ni n bá kọ́kọ́ gbé agolo lọ.

Àti pé, kí la fẹ́ fi ṣe? Gáàsì tí Nàìjíríà ti kà mọ́ ara rẹ̀ nínú àpáta tó rọrùn láti gbẹ́ ti ju tírílíọ̀nù 200 fíìtì kúbíìkì lọ, a sì ṣì ń fi iná sun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ní Niger Delta. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ máa fọ́ shale nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ ń jóná.

Ọlọ́dà_Òkìtìpupa · 4:41 ọ̀sán

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ọmọ_Ìdànrè · 8:50 alẹ́

Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rín ránṣẹ́, ó wá pè mí. Ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á gbé òun lọ sórí ríìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ni yóò máa kọ aago. Ó ní kí n bi Bọ̀dá Agolo: aago ọwọ́ òun àti aago kọ̀ǹpútà ríìgì kì í bára mu, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa ń wà láàrin wọn. Èwo ni kí òun tẹ̀ lé?

AgoloGáàsì · 9:03 alẹ́

Kó kọ méjèèjì, kó sì kọ èwo ni èwo. Kó mú róbà ìdérí mẹ́ta dání, àti ọṣẹ.

Ìyá_Ìbejì_Leeds · 9:10 alẹ́

Àti súwẹ́tà. Òru orí ríìgì á tutù. Ẹ bá mi kí i.